Bí a ṣe ń fi oúnjẹ tó dára rọ́pò Índómì nígbà tí a bá ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ

Kì í ṣe adùn nìkan ni Índómì fi ń mú ènìyàn, àkókò ni. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Tánkẹ́ tàbí Sáńgò ní Ìlọrin, kò síná, kò sí ọbẹ̀ nílé, ebi sì ti ń pa yín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé omi kaná, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà oúnjẹ ti délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn "ẹ máa jẹ ẹ̀wà" kò fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ jìnnà. Ẹ̀wà ń jẹ wákàtí kan lórí iná, ebi aago mẹ́sàn-án kò sì ní dúró dè é.

Ohunkóhun tí yóò bá rọ́pò Índómì gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe: kó yá, kó gbóná, kó ta lẹ́nu, kó má gba ju ìkòkò kan lọ, kó má sì wọ́n ju owó ọwọ́ lọ. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ebi tó dé la ti ń ṣe é. Índómì la ó máa pe gbogbo irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn náílọ̀n rẹ̀

Ẹ yí náílọ̀n náà padà, ẹ wá ibi tí wọ́n to iye èròjà sí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé iye tó wà nínú gíráàmù 100 ni wọ́n kọ, kì í ṣe iye tó wà nínú ẹyọ kan, ibẹ̀ lojú sì ti ń tan ènìyàn. Ẹyọ kékeré tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 70. Bí wọ́n bá kọ kálórì 450 fún gíráàmù 100, ẹ sọ 450 di ìlọ́po 0.7: kálórì 315 ló wà nínú ẹyọ kan. Ẹni tó bá sè méjì (mélòó nínú wa ló ń sè ẹyọ kan ṣoṣo?) ti dé 630. Ṣíbí ìjẹun kan òróró jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120, ẹyin kan jẹ́ bíi 70. Àwo kan ti kọjá 800 kí ẹnikẹ́ni tó rántí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "sodium" sí. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po 2.5, ẹ ó rí iye iyọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ mílígíráàmù 800 fún ẹyọ kan, gíráàmù 2 iyọ̀ nìyẹn. Ẹyọ méjì jẹ́ 4. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí lójú, ó gbẹ táútáú. Láti ìgbà tí Momofuku Ando ti gbé irú oúnjẹ yìí jáde ní Japan ní 1958, dídín ni wọ́n ń dín in nínú òróró gbígbóná kó lè gbẹ. Dídín yẹn ló ń dá ihò wínníwínní sí i lára, ihò yẹn ni omi gbígbóná ń gbà wọlé tó fi ń tètè rọ̀. Nítorí náà, òróró ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó da tiyín sí i. Àwọn kan wà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbẹ láìdín. Bí wọ́n bá kọ "air-dried" tàbí "non-fried" sára rẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú èèlò rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ohun tó sì fà á tí ebi fi ń padà wá láàárín wákàtí méjì ni pé ìyẹ̀fun funfun ni, èyí tí wọ́n ti yọ háhá àlìkámà kúrò nínú rẹ̀. Èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré, háhá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nǹkan méjèèjì yìí gan-an ló ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí àwo tó bá kéré ní kálórì ṣùgbọ́n tí kò ní wọn kò ní jẹ́ kí ẹ sùn títí ẹ ó fi jí lọ bu gààrí.

Èèlò tí yóò gba ipò ti inú náílọ̀n

Kí ẹ má tàn ara yín: adùn Índómì kò sí nínú ohun tó ṣe wínníwínní yẹn, inú èèlò kékeré ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ sè é láìda èèlò sí i, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ti ní èèlò tirẹ̀ nínú ìgò ti ṣẹ́gun ìdajì ogun yìí.

Ẹ wá ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, kí ẹ po nǹkan wọ̀nyí pọ̀:

edé lílọ̀, ṣíbí ìjẹun 4
ata gígún, ṣíbí ìjẹun 2 (ẹni tí ata ń dà láàmú lè dín in kù sí 1)
atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí ìjẹun 1
áyù lílọ̀, ṣíbí ìjẹun 1
kọ́rì, ṣíbí ìjẹun 1
táìmù, ṣíbí tíì 1
iyọ̀, ṣíbí tíì 1

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí tíì 29, tó túmọ̀ sí pé iyọ̀ inú ṣíbí tíì kan kò tó ìdá márùn-ún gíráàmù. Ṣíbí tíì méjì tó fún ìkòkò ẹnìkan. Ẹ fi èyí wé gíráàmù 2 ti ẹyọ Índómì kan.

Bí edé kò bá gbẹ dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́, gbogbo ìgò náà yóò dì, yóò sì bu láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ ka ẹ̀yìn ike kọ́rì náà, nítorí àwọn kan ti po iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì rún kúúbù máàgì sí i: iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúúbù, ibi tí a ti ń sá lẹ tún ń padà sí yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní ìtasánsán sí i, irú wooro ṣíbí tíì kan nínú ìkòkò lásìkò tí ẹ bá ń sè é ṣe ohun tí kúúbù mẹ́ta kò lè ṣe. A mọ̀ pé irú kò bá gbogbo ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá kan mu, nítorí òórùn. Ẹ dì í sínú náílọ̀n méjì.

Sùpàgẹ́tì rírẹ, èyí tó sún mọ́ ọn jù

Sùpàgẹ́tì náà ìyẹ̀fun ni, ṣùgbọ́n wọn kò dín in. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ọ̀rá kì í sábà ju gíráàmù 2 lọ, nígbà tí ti Índómì máa ń tó 15 sí 20. Ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá orí iná, pàápàá nígbà tí gáàsì bá ti ń parí lọ. Ọgbọ́n kan wà tó mú un wá sílẹ̀ sí ìṣẹ́jú méjì: kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù.

Páálí kan jẹ́ gíráàmù 500. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, kí ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra pẹ̀lú rọ́bà. Ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 62, kálórì bíi 230. Yóò kéré lójú yín. Kó kéré bẹ́ẹ̀ náà. Ohun tí ẹ ó fi kún un ló ń bọ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ ṣẹ́ ìdì kan sí méjì, ẹ kó o sínú àwo fífẹ̀, ẹ bu omi tútù lé e kó bò ó mọ́lẹ̀ ní ìka méjì. Ẹ fi ọwọ́ tú u ká lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ kírun, ẹ ṣe ohun tí ẹ ní í ṣe. Tí ẹ bá padà dé, yóò ti funfun, yóò máa tẹ̀ láìṣẹ́. Ẹ da omi rẹ̀ nù.

Nínú ìkòkò fífẹ̀, ẹ fi òróró ṣíbí tíì kan (kálórì 40, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má da á látinú ike) dín ìdajì àlùbọ́sà, tòmátì kan àti ata ṣọ̀ǹbọ̀ kan fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ bu ìdajì ife omi sí i pẹ̀lú ṣíbí tíì méjì èèlò inú ìgò. Bó bá ti hó, ẹ da sùpàgẹ́tì sí i, kí ẹ máa fi fọ́ọ̀kì tú u fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ó ti jinná. Ẹni tó bá fẹ́ kó ní omi bíi Índómì olómi lè bu omi sí i díẹ̀.

Àṣìṣe tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀. Omi gbígbóná dípò tútù: ara ìta rẹ̀ yóò tètè wú, yóò lẹ̀ mọ́ra bí ìdì òkùn, inú rẹ̀ yóò sì le síbẹ̀. Rírẹ ẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́: yóò máa já wẹ́wẹ́, àti pé nínú ooru Ìlọrin, pàápàá láti oṣù kejì sí ìkẹrin, ó lè kan. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan lẹ ráyè, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ dé e sínú fíríìjì. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ má ṣe é láàárọ̀ rárá.

Kábéèjì àti ẹyin tẹ́ẹ́rẹ́

Ìdì sùpàgẹ́tì yẹn kò ní yó àgbàlagbà. Ohun tó ń kún àwo ni kábéèjì tí ẹ gé bíi fọ́nrán Índómì gan-an, tí ojú àti ẹnu kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Gíráàmù 100 kábéèjì kò ju kálórì 25 lọ, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ ńlá kan.

Ẹ gé orí kábéèjì sí mẹ́rin, ẹ yọ ìdí líle rẹ̀ sọnù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kòkòrò lè jáde, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má nípọn ju igi ìṣáná lọ. Ẹ rẹ́ kárọ́ọ̀tì kan mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́kù kí ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ ni kí ẹ tó dà á sí i, iná gbọ́dọ̀ pọ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ dé ìkòkò. Ẹni tó dé e ló ń jẹ omi kábéèjì: ooru tó padà rọ̀ sínú ìkòkò ló ń sọ ọ́ di jábajàba. Iyọ̀ náà, ìparí ni.

Nígbà tí kábéèjì bá gbówó lórí, ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tí ẹ rẹ́ wínníwínní ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fún un.

Ní ti ẹyin: ẹ po ẹyin méjì pẹ̀lú ata díẹ̀, ẹ fi òwú tàbí bébà nu òróró díẹ̀ sí páànù, ẹ dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó kárí. Bó bá ti dì, ẹ ká a bí ẹní, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ìbú rẹ̀, ẹ tú u sórí oúnjẹ. Ẹyin méjì ní èròjà amúaradàgbà bíi gíráàmù 12. Àwo odindi, pẹ̀lú sùpàgẹ́tì, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ẹyin àti òróró wíwọ̀n, dúró síbi kálórì 450, ó sì ga nínú àwo ju Índómì méjì lọ.

Ẹ̀wà tí kì í jẹ wákàtí kan

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wà nílé, ẹ ṣa agolo mílíìkì mẹ́ta ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rírẹ náà nù (ó ń dín kíkùn inú kù), ẹ sè é pẹ̀lú odindi àlùbọ́sà kan, láìfi òróró sí i. Ẹ má fi káún sí i nítorí kó lè tètè rọ̀. Káún ń pa fítámì B inú ẹ̀wà, ó sì tún ń fi sodium kún un. Rírẹ mọ́jú ti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ní ìkòkò aláfẹ́fẹ́ (pressure cooker) kò ní lò ju ìṣẹ́jú ogún lọ.

Bó bá tutù, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ife kan kan. Ife ẹ̀wà sísè kan jẹ́ bíi kálórì 200, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 13, háhá inú rẹ̀ sì ju gíráàmù 10 lọ. Ó ń dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bí ó bá dì. Lálẹ́, ẹ fi ṣíbí tíì kan epo pupa dín ata, tòmátì àti irú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ da ẹ̀wà sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn. Ẹ̀kọ tútù kan ló kàn. Kò ju àkókò Índómì lọ.

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà dára, àfi bí a ṣe ń sè é. Agolo ẹ̀wà méjì kò nílò ju ṣíbí ìjẹun méjì òróró lọ. Ife tí àwọn kan ń dà sí i kì í ṣe nítorí kó lè dì, nítorí kó lè dán ni. Ewé ni kí ẹ fi pọ́n ọn, tàbí agolo, kì í ṣe náílọ̀n tí ń hó nínú omi gbígbóná. Bí ó bá dì nísàlẹ̀ tó ṣomi lókè, ẹ kò rò ó kí ẹ tó bù ú sínú ewé kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan kó tó jinná, ẹ̀wà lílọ̀ ti pẹ́ jù kí ó tó dórí iná. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì nínú fíríìjì jẹ́ oúnjẹ alẹ́ tó kàn fẹ́ kí ẹ gbé e kaná.

Wàrà àti bẹ́sìkẹ́

Ẹni tó ń gbé Ìlọrin tó ń sọ pé òun kò rí ẹran rà kò tíì wo ojú ọ̀nà dáadáa. Wàrà wà nínú igbá lórí àwọn obìnrin Fúlàní láàárọ̀, láti Ìpàta dé Ọjà-Ọba, dé Gánmọ̀ àti Àjàṣẹ́-Ìpò. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀: dídín ni gbogbo ènìyàn ń rà á. Wàrà díndín ń fa òróró mu bí tìmùtìmù, wàrà fúnra rẹ̀ sì ti ní ọ̀rá mílíìkì nínú.

Èyí tó wà nínú omi rẹ̀ ni kí ẹ rà. Omi náà gbọ́dọ̀ mọ́, kó má yọ̀, kó máa rùn bíi mílíìkì, kó má rùn kíkan. Ẹ má jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án. Ẹ sè é nínú omi tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbọ́n omi rẹ̀ nù, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tò ó sínú páànù gbígbẹ tí kì í lẹ̀ láìfi òróró kankan sí i, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá inú rẹ̀ yóò dín in fúnra rẹ̀. Ẹ wọ́n èèlò sí i lórí. Wàrà méjì tó fún ẹnìkan; ẹ má sọ ọ́ di mẹ́rin nítorí pé ẹ kò fi òróró sí i.

Bẹ́sìkẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ọ̀rá rẹ̀ kéré sí ti wàrà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé díndín ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé jáde. Ẹ lọ bá oníbẹ́sìkẹ́ àdúgbò láàárọ̀ kí agbada rẹ̀ tó gbóná: "Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá. Ẹ bá mi yọ mẹ́fà sílẹ̀ kí ẹ tó dín in." Ẹ gé e bíi fọ́nrán, ẹ yan án bíi ti wàrà, ẹ dà á pọ̀ mọ́ kábéèjì láìsí sùpàgẹ́tì rárá. Èyí ni àwo tó fúyẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà níhìn-ín, fún ọjọ́ tí ẹ bá jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó wúwo.

Ànàmọ́ àti óòtì

Àwọn ará Ọ̀fà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ti ànàmọ́. Fún àwa yòókù: ẹ má bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka, ẹ sè é nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Sísè ló dára jù fún ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ, nítorí ànàmọ́ sísè kì í tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bíi ti sísun. Ẹyọ kan tó tó ìkúùkù àti ẹyin bíbọ̀ méjì pẹ̀lú ata díndín, ó parí.

Óòtì ń yá, ṣùgbọ́n ṣúgà àti mílíìkì nìkan ni púpọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ po ṣíbí ìjẹun méje óòtì mọ́ ẹyin tútù kan, ẹ dà á sínú páànù, ẹ máa tú u títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó wọ́n omi ṣíbí mẹ́rin àti èèlò sí i. Ẹyin á bo ara rẹ̀, kò ní di ògì, yóò máa tú ká bí ìrẹsì. Ẹni tó bá bu omi sí i kí ẹyin tó gbẹ, ògì ló máa jẹ.

Bó bá jẹ́ Índómì ló kù nílé

Yóò ṣẹlẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ mú. Ẹ sè é nínú omi púpọ̀ láìfi èèlò sí i fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ da omi náà nù; díẹ̀ nínú òróró àti iyọ̀ ara rẹ̀ á bá a lọ. Bí òróró kékeré bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ bu omi tuntun díẹ̀, ìdajì èèlò rẹ̀ nìkan, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ tàbí kábéèjì méjì, ẹyin bíbọ̀ méjì. Kálórì 500 ló máa jẹ́ dípò 820.

Lọ́dọ̀ màálàmù oníṣáyì, ẹ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan páànù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu yín lọ: "Màálàmù, ẹyọ kan, ẹyin méjì. Má fi bọ́tà sí i, má fi máàgì kún un. Àlùbọ́sà kó pọ̀." Yóò wò yín. Ẹ jẹ́ kó wò.

Nígbà ààwẹ̀

Ilé púpọ̀ ló ń fi Índómì ṣe sàárì nítorí oorun. Òun ló burú jù nínú gbogbo àkókò tí a lè jẹ ẹ́. Iyọ̀ rẹ̀ á máa pòǹgbẹ yín láti aago mẹ́wàá àárọ̀, ebi á sì ti dé kó tó di àsìkò ìrun ọ̀sán. Ife ẹ̀wà inú fíríìjì tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ kan ni kí ẹ gbé kaná. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, kò sì ní jẹ́ kí ẹ wá omi kiri.

Ohun tó máa ń dojú rú

Iná mànàmáná ni àkọ́kọ́. Bí fíríìjì kò bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ má sè ju ohun tí ẹ ó jẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bù ú. Ìrẹsì sísè ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: kòkòrò àìfojúrí kan wà tí sísè kì í pa tán, bí ìrẹsì bá sun ìta yóò pọ̀ sí i, májèlé rẹ̀ kò sì ní kú bí ẹ bá tún gbé e kaná. Ìrẹsì Pàtígi tàbí ti òkè òkun, bákan náà ni.

Òróró ni ìkejì. Ẹni tó ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí tí kò rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bá a wo ṣíbí rẹ̀. Dídà látinú ike máa ń tó ṣíbí ìjẹun méjì láìmọ̀, kálórì 240 nìyẹn nínú ìkòkò kan.

Ẹni tó ní àrùn ṣúgà tó ń lo oògùn, aláboyún, àti ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ yí oúnjẹ padà lójijì láì bá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ kì í bá kídìnrín tó ń ṣàìsàn mu.

Inú náà yóò kùn fún ẹni tí ẹ̀wà kò mọ́ lára tẹ́lẹ̀. Ìdajì ife ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ máa mu omi tó pọ̀, kí ẹ sì máa bu ṣíbí kan kún un bí inú bá ti ń gbà á.